Jíìpù oníjókòó méje fún ìdílé: kí ni ojú ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó pẹ́ ti rí?

Ìyá Ọmọ Mẹ́rin bèèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ìbéèrè mi yóò gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù kà á, nítorí owó tí a fi ọdún mẹ́rin tù jọ ni a fẹ́ ná, mi ò sì fẹ́ kí a kábàámọ̀.

Ọmọ mẹ́rin ni a bí. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbíkẹ́yìn kò sì tíì pé ọdún méjì. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ọkọ̀ kékeré tí a ń lò kò gbà wá mọ́: bí gbogbo wa bá fẹ́ jáde, ọkọ mi ní láti rin ìrìn méjì, tàbí kí ẹnì kan dúró sílé, ẹni tó sì máa ń dúró sílé náà ni ìyá wa, èyí tí kò dùn mọ́ mi nínú rárá. A ti pinnu láti ra jíìpù tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Àlòkù ni a ó rà. Àwọn tí a ń wò ni Toyota Highlander tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2014 sí 2019, Honda Pilot ti àkókò kan náà, àti Highlander háíbíríìdì (èyí tó ń lo epo àti mọ́tò iná pọ̀) ti 2020 síwájú bí agbára wa bá ká a.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tà á ti tó mi gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún kẹta, ọdún kẹrin, nígbà tí òórùn ọkọ̀ tuntun bá ti kúrò nínú rẹ̀. Ta ni ó lè jókòó sí ìlà kẹta ní ti òtítọ́? Epo mélòó ni ó ń jẹ nígbà tí èèyàn méje bá wà nínú rẹ̀? Kí ni ó kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́, kí ni a sì lè yẹ̀ wò kí a tó sanwó?

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Ẹ kú ìnáwó, mà. Highlander 2015 ni mo ti ń wà fún ọdún mẹ́fà báyìí, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísìlíńdà mẹ́fà, lítà 3.5. Ó ti rin 62,000 kìlómítà nígbà tí mo rà á, ó ti lé ní 170,000 báyìí, ẹ́ńjìnnì àti gíà tó bá wá ni mo ṣì ń lò. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mo ń yìn ín, kí ó yé yín pé mo rí ìdí tí mo fi ń yìn ín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kẹta, nítorí ibẹ̀ ni ìpolówó ti máa ń ju òtítọ́ lọ. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá ń jókòó síbẹ̀ láìráhùn. Àgbàlagbà lè fara dà á fún ogún ìṣẹ́jú; lẹ́yìn náà, orúnkún rẹ̀ á ti ga sókè níwájú rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ọkọ̀ ga níbẹ̀, ìjókòó sì sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìyá yín lè gun ibẹ̀. Ìlà kejì ni ààyè wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó rà á ni pé oríṣi ìlà kejì méjì ló wà, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀kan ní ìjókòó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì pẹ̀lú àlàfo láàárín, ìyẹn ni oníjókòó méje. Èkejì ní ìjókòó gígùn kan ṣoṣo tó gba èèyàn mẹ́ta, ìyẹn ni oníjókòó mẹ́jọ. Bí ẹ bá mú èyí tó ní àlàfo, àwọn ọmọ yóò gba àárín kọjá lọ sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò ní dìde fún wọn, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni yóò há mọ́ra ní ìlà kẹta nígbà tí ìyá yín àti ọmọ kékeré bá wà ní ìlà kejì. Bí ẹ bá mú èyí tó gùn, ìyá yín, ọmọ kékeré àti ọmọ kan yóò jókòó ní ìlà kejì, ọmọ méjì péré ni yóò wà lẹ́yìn, ara á sì tù wọ́n. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ ti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ kan síwájú kí ẹni tó ń lọ sẹ́yìn tó ráyè kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó ààbò ọmọ tí a ti so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan kì í jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ náà ṣeé tì dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló kù, ibẹ̀ sì ni ìyá yín yóò wà, tí wọn yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Àwa fi ìjókòó ìkókó sí àárín gbùngbùn, a sì fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é. Ohun tó tú wa sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìjókòó ọmọ náà bóyá wọ́n fàyè gba àárín.

Ẹ fi ọwọ́ wá àwọn ìkọ́ irin ISOFIX, tí a fi ń so ìjókòó ààbò ọmọ mọ́ ọkọ̀, láàárín ẹ̀yìn àti ìdí ìjókòó kí ẹ tó sanwó, kí ẹ mọ iye tí wọ́n jẹ́ àti ibi tí wọ́n wà. Àwọn ìkọ́ náà ní ìwọ̀n tí wọ́n lè gbà. Ní Amẹ́ríkà, bí ìwọ̀n ọmọ àti ti ìjókòó rẹ̀ lápapọ̀ bá ti kọjá bíi 29 kílógíráàmù, bẹ́líìtì ọkọ̀ ni wọ́n ní kí a fi dè é dípò ìkọ́ ìsàlẹ̀.

Ẹrù ńkọ́? Nígbà tí ìlà kẹta bá dúró, bíi 390 lítà ni àyè tó kù lẹ́yìn rẹ̀ nínú ti 2014 sí 2019. Báàgì ilé ìwé mẹ́rin àti kẹ̀kẹ́ ọmọ tí a ká ni àyè náà gbà, kò gba ẹrù ìrìn-àjò èèyàn méje. Wọ́n fi kún un nínú ti 2020, ó di bíi 453 lítà, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò tíì yanjú ọ̀rọ̀. Ẹ má sì rò pé orí òrùlé ni ẹ ó máa kó ohun gbogbo sí, nítorí bí ẹrù bá ti wúwo lókè ni ọkọ̀ gíga ṣe ń rọrùn láti fì, pàápàá bí a bá yà lójijì.

Ní ti epo, nínú ìlú tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà, ó ń jẹ bíi lítà 14 fún 100 kìlómítà. Lójú ọ̀nà gígùn, bí n kò bá kọjá 110 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń wá sí 9.5. Bí a bá pé méje, ẹ fi bíi lítà kan kún un. Táyà, pádì bíréèkì, bátìrì àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni mo ti pààrọ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ ohun tó ń jẹ tán fúnra rẹ̀.

Awakọ̀ Àtijọ́ dáhùn:

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, mo sì gbà á, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dára fún. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, nítorí ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó máa tẹ́tí sí ni.

Jíìpù oníjókòó méje tí mo rà ti lo ọdún mẹ́fà, ó sì ti rin 95,000 kìlómítà. Ó mọ́ tónítóní, inú rẹ̀ fẹ̀, ìlà kẹta rẹ̀ sì dára ju ti ọ̀pọ̀ lọ. Irú gíà tí wọ́n ń pè ní CVT ló ní. Gíà yìí kò ní eyín gíà kìíní, ìkejì, ìkẹta bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Àgbá méjì ni, bẹ́líìtì irin sì wà láàárín wọn, tí àgbá kan ń fẹ̀ bí èkejì ti ń sún. Ọ́ìlì ló ń fúnni ní agbára tí àgbá fi ń di bẹ́líìtì náà mú. Bí ọ́ìlì bá ti gbó, tàbí tí gíà bá gbóná kọjá ààlà, bẹ́líìtì á bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, á máa ha àgbá, èérún irin á sì wọ inú ọ́ìlì tó yẹ kó máa dáàbò bo gbogbo rẹ̀.

Ọdún kìíní dùn. Ní ọdún kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé ọkọ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ bí mo bá rọra tẹ tọ́tùlù láàárín 30 sí 50 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ìgbà tí táyà bá ń gun orí pákó tí a tò. Mo bi mẹkáníìkì tí mo ń lò nígbà náà, ó ní púlọ́ọ̀gì ni. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó ní síítì ẹ́ńjìnnì ni, ìyẹn ọ̀já rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà kẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó ta ọkọ̀ náà ti sọ pé ọ́ìlì gíà yẹn jẹ́ ti títí ayé, àwa méjèèjì sì gbà á gbọ́.

Nígbà tó fi máa pé 118,000 kìlómítà, a ń gun òkè gígùn kan lọ́sàn-án gangan, èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa kan àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì ń hó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ tó dé. Kì í ṣe owó gíà tuntun ló ń dùn mí jù títí dòní. Ẹ̀rù tó ba àwọn ọmọ yẹn nígbà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa gbìyànjú ọkọ̀ èyíkéyìí tó ní CVT, ẹ má ṣe wà á yí àdúgbò ká kí ẹ sì gbà pé ó dára. Ẹ wà á fún bíi ogójì ìṣẹ́jú kí ó gbóná dáadáa. Ẹ kó èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà sínú rẹ̀. Ẹ wá òkè, ẹ dúró ní àárín rẹ̀, kí ẹ sì tún gbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Mẹkáníìkì Ọlọ́dún Ogún dáhùn:

Mo kí Awakọ̀ Àtijọ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ohun tí wọ́n sọ nípa ọ́ìlì gíà ni mo ń sọ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo ń ṣe láti ogún ọdún sẹ́yìn, irú jíìpù wọ̀nyí ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọ ọgbà mi. Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjì tí ẹ dárúkọ.

Ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 tó wà nínú Highlander láti ọdún 2008 ń lo ṣéènì táímìn, ìyẹn ohun tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí bára mu láìkọlu ara wọn. Ṣéènì irin ni, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì ń dáàbò bò ó, nítorí náà bí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, kò sí ọjọ́ kan tí a dá fún pípààrọ̀ rẹ̀. Àwọn Highlander ti àtijọ́, onílítà 3.0 àti 3.3, bẹ́líìtì rọ́bà ni tiwọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa méjèèjì pọ̀ fún yín. Honda Pilot ni tirẹ̀ ń lo bẹ́líìtì táímìn láti ọdún 2003 tó ti jáde. Èyí kì í ṣe àléébù. Bẹ́líìtì náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àsìkò pípààrọ̀ rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí nǹkan bí 160,000 kìlómítà, tàbí bíi ọdún méje bí ọkọ̀ kò bá rìn púpọ̀. Ìdí tí kò fi ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni pé nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, bí bẹ́líìtì bá já, písítínì àti fáàfù yóò kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ pátápátá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù omi, nítorí náà a máa ń pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá rí Pilot tó ti rin 150,000 tí kò sí ìwé pé wọ́n ti ṣe é, ẹ ka iṣẹ́ náà mọ́ iye tí ẹ ó san, kí ẹ sì ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kìíní.

Pilot tún ní ètò kan tó ń pa sìlíńdà mélòó kan nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré láìgbé ẹrù, kí epo lè dínkù. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ ìwọ̀n ọ́ìlì wò lóṣooṣù, nítorí ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ti ròyìn pé ọ́ìlì ń dínkù ju bó ṣe yẹ lọ, pé púlọ́ọ̀gì àwọn sìlíńdà tó ń sinmi sì ń dọ̀tí.

Ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí ó ń dùn mí bí mo bá rí i. Ìbú ni wọ́n fi ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà sí nínú àwọn jíìpù wọ̀nyí: púlọ́ọ̀gì mẹ́ta kọjú sí iwájú, mẹ́ta sì wà lẹ́yìn, lápá ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Àwọn ti iwájú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn ti ẹ̀yìn nínú Highlander, a gbọ́dọ̀ tú páìpù afẹ́fẹ́ ńlá tó wà lórí ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Àwọn kan wà tó ń pààrọ̀ mẹ́ta iwájú, tí wọ́n sì ń gba owó mẹ́fà. Mo ti tú ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní wọ́n ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bá púlọ́ọ̀gì tó bá ọkọ̀ náà wá níbẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ ní kí wọ́n kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n yọ lé yín lọ́wọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Àmì mẹ́tàdínlógún ni, ẹ̀kẹwàá sì ń sọ ọdún tí wọ́n ka ọkọ̀ náà sí: E jẹ́ 2014, F jẹ́ 2015, G jẹ́ 2016, H jẹ́ 2017, J jẹ́ 2018, K jẹ́ 2019, L jẹ́ 2020. Wọn kì í lo I, nítorí ó jọ 1. Ara táyà náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀: ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún, tó fi jẹ́ pé 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò tó ń ka àmì àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dání, kó má ṣe jẹ́ pé iná dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ni ẹ ń wò. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ìsopọ̀ OBD-II, níbi tí a ń so ẹ̀rọ náà mọ́, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó fẹ́ fi àbùkù pamọ́ lè pa àmì àṣìṣe rẹ́ ní òwúrọ̀ tí ẹ ń bọ̀, iná kò sì ní tàn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní àwọn ìdánwò tó ń ṣe fúnra rẹ̀, bí a bá sì pa àmì rẹ́, àwọn ìdánwò náà yóò padà sí àìtíìparí títí ọkọ̀ yóò fi rìn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wo apá yẹn lórí ẹ̀rọ. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá wà ní àìtíìparí, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Olówó Háíbíríìdì dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Àtúnṣe kékeré ni mo fẹ́ ṣe, kí ìyá wa má bàa sá fún háíbíríìdì nítorí ọ̀rọ̀ CVT. Gíà inú Highlander háíbíríìdì kì í ṣe oríṣi tó ní bẹ́líìtì irin láàárín àgbá méjì. Eyín irin tó ń yí ara wọn ká ni, pẹ̀lú mọ́tò iná, kò sí bẹ́líìtì tó lè yọ̀. Orúkọ tó jọra ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn.

Ti 2020 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì lítà 2.5. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún un ní Amẹ́ríkà jẹ́ bíi lítà 6.5 fún 100 kìlómítà. Èmi ń rí 7.2 sí 7.5, nínú ìlú ni ó sì ti ń dára jù, nítorí pé bíréèkì ń dá iná padà sínú bátìrì. Bátìrì ńlá náà wà lábẹ́ ìjókòó ìlà kejì, ihò tó fi ń mí sì wà lápá ìsàlẹ̀ ìjókòó, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ máa ń wà. Ìyá Ọmọ Mẹ́rin, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: èérún bisikíìtì, irun àti ibọ̀sẹ̀ lè dí ihò náà, bátìrì á sì máa gbóná. Mo ń fa eruku rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Fáànù Ló Tẹ́ Mi Lọ́rùn dáhùn:

Mo mọ̀ pé jíìpù ni ìyá béèrè, ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n inú mi kò ní balẹ̀ bí n kò bá sọ ọ́. Èèyàn méje, ìkókó kan, àti àgbà tí orúnkún ń dùn: fáànù ìdílé ni ohun tí ẹ ń ṣàpèjúwe. Toyota Sienna tí wọ́n ṣe láti 2011 sí 2020 wà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 bíi ti Highlander. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yọ́ sẹ́yìn, kì í ṣí síta lu ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, ìyá yín kò ní gun ohunkóhun. Àyè ẹ̀yìn ìlà kẹta ju 1,000 lítà lọ, ẹ fi wé 390. Ìjókòó kẹta sì ń rì sínú ilẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá nílò rẹ̀.

Ohun tí jíìpù fi jù ú lọ ni gíga kúrò nílẹ̀. Bí ọ̀nà yín kò bá dára, jíìpù ni kí ẹ rà. Bí ọ̀dà bá wà lójú ọ̀nà yín, ẹ gbé ìyá lọ jókòó nínú méjèèjì kí ẹ tó pinnu.

Ìyá Ọmọ Mẹ́rin padà wá:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ síta, ọkọ mi sì ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Ó pẹ́ kí n tó padà wá nítorí a fẹ́ lọ wo ọkọ̀ ná.

A gbé ìyá wa lọ wo fáànù gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Wọ́n wọ inú rẹ̀ láìdi nǹkankan mú, inú wọn sì dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kìlómítà mẹ́rin tó kẹ́yìn kí a tó dé ilé wa jẹ́ ọ̀nà òkúta, omi sì ti gbẹ́ àárín rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré wa ń ha inú lójoojúmọ́. Nítorí ìyẹn nìkan ni a fi padà sórí jíìpù.

Ọkọ̀ kìíní tí a wò lẹ́wà gan-an. Mẹkáníìkì wa so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ìdánwò márùn-ún ló wà ní àìtíìparí. Ẹni tó ń tà á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni. A ní kó wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó padà wá. Kò pè wá mọ́.

Èkejì jẹ́ Highlander 2016, oníjókòó mẹ́jọ, 121,000 kìlómítà. Àmì kẹwàá rẹ̀ jẹ́ G lóòótọ́. Ìwé pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìdánwò pé. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílẹ̀ kò ju ọdún méjì lọ, ṣùgbọ́n táyà ìrọ́pò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní 4415, nítorí náà a ó pààrọ̀ rẹ̀. A gbé ìjókòó ìkókó wa lọ, ó dúró ní àárín pẹ̀lú bẹ́líìtì gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ti wí. Ìyá wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún. Wọ́n ní àtẹ̀gùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yóò ran àwọn lọ́wọ́, a ó sì fi í sí i. A wà á fún wákàtí kan, a gun òkè, a dúró lórí rẹ̀.

Ohun kan ló kù tí kò jẹ́ kí n sùn. Kò sí ìwé kankan pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rí. Ṣé kí a fi í sílẹ̀ ni?

Mẹkáníìkì Ọlọ́dún Ogún dáhùn:

Rárá, mà, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan. Gíà onípele mẹ́fà ló wà nínú ti 2016, kì í ṣe CVT, bí ó bá sì ń yípadà láìfì lẹ́yìn wákàtí kan, ó ṣeé tọ́jú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ti ọ́ìlì tuntun wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ẹ ní kí wọ́n tú ìdérí ìsàlẹ̀, kí èyí tó wà níbẹ̀ ṣàn jáde, kí wọ́n wo bóyá èérún irin wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì wọn iye tó jáde. Iye yẹn gan-an ni kí wọ́n dá padà, ọ́ìlì tí wọ́n kọ WS sí lára, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá pọ́n. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn bíi 2,000 kìlómítà, àti lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìyẹn. Gíà yìí kò ní ọ̀pá ìwọ̀n tí a ń fà yọ láti òkè. Ihò kan wà nísàlẹ̀ tí a fi ń mọ̀ bóyá ọ́ìlì pé, nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí ọ́ìlì náà sì wà ní nǹkan bí ogójì sí márùndínláàádọ́ta lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Mẹkáníìkì tí kò bá mẹ́nu ba ìgbóná ọ́ìlì, ẹ wá ẹlòmíràn.

Púlọ́ọ̀gì ẹ̀yìn ńkọ́? Bí kò bá sí ìwé fún ìyẹn náà, ẹ ṣe é lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá Ọmọ Mẹ́rin dáhùn:

Kò sí ìwé fún un. A ó ṣe méjèèjì, mo sì ti sọ fún wọn pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́. Ẹ ṣeun, sà. Ọjọ́ Sátidé ni a ó lọ gbé e, ìyá wa ti ní iwájú ilẹ̀kùn ni àwọn yóò ti máa dúró dè wá.